Abiyamọ Inú Òjò Dídì: Àkọsílẹ̀ Ikú Ìyá Kan àti Ọmọ Rẹ̀ ní Erékùṣù Jeju

Ní ọjọ́ 6, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1949, obìnrin ẹni ọdún 25 kan àti ọmọbìnrin rẹ̀, tí àkọsílẹ̀ pè ní ọmọ ọdún 2, kú sí ẹ̀gbẹ́ òkè kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Geochin Oreum, ní agbègbè Bonggae, ní erékùṣù Jeju tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ Kòríà. Àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè tiwọn gan-an ni wọ́n ń sá fún. Wọn kò rí òkú wọn lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan tó ń kọjá lọ lẹ́yìn náà ló rí ìyá àti ọmọ nínú òkìtì òjò dídì, ìyẹn òjò tí òtútù sọ di funfun, tó máa ń bọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú ní ilẹ̀ olótùútù.

Ọgbà Àlàáfíà tí ìjọba kọ́ fún ìrántí àwọn tó kú ní Jeju wà ní agbègbè Bonggae yìí kan náà, ère idẹ obìnrin náà sì wà níbẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbá ọmọ mọ́ àyà, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe òrùlé lé e lórí. Wọ́n sọ ère náà ní Biseol, èyí tó túmọ̀ sí òjò dídì tí afẹ́fẹ́ ń gbé fò kiri. Yorùbá tó bá rí i kò ní ṣàìrántí ìkúnlẹ̀ abiyamọ, nítorí pé orí eékún tí obìnrin wà nígbà tó ń mú ọmọ wá sáyé ni èyí wà nígbà tó ń wá ọ̀nà tí ọmọ kò fi ní kúrò láyé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, fíìmù kan tó ń jẹ́ Hallan, tí Ha Myung-mi darí, jáde ní Kòríà. Ìtàn ìyá kan, tí Kim Hyang-gi kó ipa rẹ̀, àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ni, bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀nà àtiyè ní Jeju ní ọdún 1948. Òdòdó kan tó ń hù lórí òkè Halla, tó sì ń tanná nígbà òtútù, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe fíìmù náà. Ìtàn àtinúdá ni, àmọ́ kò sí ohun tí òǹkọ̀wé lè dá nínú ara rẹ̀ tí ilẹ̀ Jeju kò ti fojú rí rí. Nítorí náà ni mo ṣe yan ọ̀rọ̀ ìyá Bonggae yìí, tí kì í ṣe ìtàn àtinúdá, láti wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló gbé abiyamọ tó ní ọmọ ọmú jáde lọ sórí òkè ní àárín òtútù, ní àkókò tí gbogbo ìyá tó nílé yóò jókòó ti iná?

Òkè Halla, tó ga ní mítà 1,947, ló wà ní àárín Jeju. Etíkun ni àwọn apẹja wà, àti àwọn obìnrin òmùwẹ̀ tí ń rì lọ sí ìsàlẹ̀ òkun láti kó ohun jíjẹ wá. Láàárín etíkun àti orí òkè ni àwọn abúlé àgbẹ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń gbin jéró, ọkà báálì àti ọ̀dùnkún, tí wọ́n sì ń sin màlúù àti ẹṣin. Ọ̀kan nínú irú abúlé àárín òkè bẹ́ẹ̀ ni Bonggae. Ibi tí abúlé wà yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà máa dá lé níkẹyìn.

Kòríà bọ́ lọ́wọ́ ilẹ̀ Japan ní oṣù kẹjọ ọdún 1945, ṣùgbọ́n ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló gba ìṣàkóso apá gúúsù, tí ọmọ ogun Soviet sì gba ti àríwá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹta, ọdún 1947, àwọn ará Jeju péjọ láti ṣe ìrántí ọjọ́ tí àwọn ará Kòríà dìde sí Japan ní 1919. Ẹṣin ọlọ́pàá kan gbá ọmọdé kan, ẹni tó gùn ún kò sì bojú wẹ̀yìn. Inú bí àwọn èrò, wọ́n ń sọ òkò, àwọn ọlọ́pàá sì yìnbọn. Ènìyàn 6 ló kú, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tó gbé ọmọ ọmú lọ́wọ́. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé àwọn tó máa ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń fò ó kọjá láti dé orí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, abiyamọ ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ìyanṣẹ́lódì tẹ̀lé e, tó gbilẹ̀ débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pàápàá wà nínú rẹ̀. Dípò kí àwọn aláṣẹ tọrọ àforíjì, wọ́n kó àwọn ọlọ́pàá wá láti orí ilẹ̀ ńlá Kòríà, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó sá kúrò ní àríwá Kòríà, tí ìkórìíra wọn sí kọ́múníìsì kò láàlà, wá máa fìyà jẹ àwọn ará erékùṣù náà. Láàárín ọdún kan, nǹkan bí 2,500 ènìyàn ni wọ́n tì mọ́lé. Nígbà tó di òru ọjọ́ 3, oṣù kẹrin, ọdún 1948, àwọn ènìyàn bí 350 tó ní ohun ìjà kọlu àgọ́ ọlọ́pàá 12 nínú 24 tó wà ní Jeju, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ìdìbò oṣù karùn-ún tí yóò pín ilẹ̀ Kòríà sí méjì. Wọ́n pa ọlọ́pàá, wọ́n sì pa àwọn ará ilé ọlọ́pàá pẹ̀lú. Kò yẹ kí a bo èyí mọ́lẹ̀. Nínú 14,028 òkú tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba Kòríà kọ́kọ́ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ìdá 12.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kú lọ́wọ́ àwọn tó gbé ohun ìjà lórí òkè, ìdá 78.1 sì kú lọ́wọ́ àwọn ológun, ọlọ́pàá àti àwọn tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́. Iye gbogbo tó kú, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ náà ṣe fojú bù ú, jẹ́ 25,000 sí 30,000, ìyẹn nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́wàá ní erékùṣù náà.

Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ dúró sí. Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹwàá, ọdún 1948, Song Yo-chan, ọ̀gá ẹ̀ka ọmọ ogun kẹsàn-án tó wà ní Jeju, kéde pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí ní ibi tó jìnnà ju kìlómítà 5 lọ sí etíkun, ọlọ̀tẹ̀ ni wọn yóò kà á sí, wọn yóò sì yìnbọn pa á. Ẹ wo ohun tí ìkéde yìí ṣe. Kò béèrè ohun tí ènìyàn ṣe, kò béèrè ẹni tó jẹ́, kò yọ arúgbó sílẹ̀, kò sì yọ ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn wà nìkan ló béèrè. Abúlé àárín òkè, tí àwọn baba ńlá wọn ti tẹ̀ dó tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba Gúúsù Kòríà, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta nígbà náà, tó wà, bọ́ sábẹ́ ìdájọ́ ikú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kúrò lórí ẹní rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí obìnrin kan máa yọ iṣu ọ̀dùnkún lóko rẹ̀ lówùúrọ̀ kó sì ti di ọ̀tá ìlú nírọ̀lẹ́, lórí ebè kan náà.

Ní ọjọ́ 17, oṣù kọkànlá, wọ́n kéde òfin ológun, iná sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ń gòkè lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń ti iná bọ ilé, wọ́n sì ń lé àwọn ènìyàn sọ̀kalẹ̀ lọ sí etíkun, níbi tí wọ́n bá ti lé wọn o. Àwọn ibòmíràn wà tí ìkìlọ̀ kò dé ṣáájú iná, àwọn mìíràn sì wà tí ìbọn dé ṣáájú ìkìlọ̀. Nǹkan bí abúlé 300 ló bàjẹ́, ilé tó jóná sì tó nǹkan bí 40,000. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn abúlé àárín òkè ló pa rẹ́, àwọn kan kò sì tún padà di abúlé mọ́ títí di òní. Ògiri òkúta àti igi ọparun tó yí àgbàlá ká nìkan ló ń fi ibi tí ilé wà hàn.

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà dáadáa yóò béèrè pé: nígbà náà, kí ló dé tí ìyá náà kò bá àwọn yòókù sọ̀kalẹ̀ lọ sí etíkun? Ìbéèrè tó tọ́ ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ni ó burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Etíkun kì í ṣe ibi ààbò fún gbogbo ènìyàn. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, àwọn ọlọ́pàá a ka ará ilé kọ̀ọ̀kan; bí ọkùnrin kan kò bá sí níbẹ̀, yálà ó ti kú, tàbí ó ti sá nítorí ẹ̀rù, tàbí lóòótọ́ ló wà lórí òkè pẹ̀lú àwọn tó ní ohun ìjà, wọ́n a kọ gbogbo wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdílé ìsáǹsá. Ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ni wọ́n a mú jáde, tí wọ́n a sì pa dípò rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní orúkọ: daesal ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé kí ẹnì kan kú ní ipò ẹlòmíràn. Ìyá tó ti ka àwọn ọmọkùnrin ilé rẹ̀ tí iye wọn kò pé mọ ohun tó ń dúró de òun nísàlẹ̀. Kódà, ẹni tó jẹ́ ará etíkun láti ọjọ́ tó ti dáyé kò bọ́. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1949, ọjọ́ mọ́kànlá péré lẹ́yìn ikú ìyá Bonggae, wọ́n pa ṣọ́jà méjì nítòsí Bukchon, tí í ṣe abúlé etíkun. Àwọn ọmọ ogun kó gbogbo ará abúlé lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ti iná bọ ilé wọn, wọ́n sì ń kó wọn lọ ní ẹgbẹẹgbẹ́ láti yìnbọn pa wọ́n. Nǹkan bí 300 ènìyàn ló kú. Àwọn sàréè kéékèèké tí wọ́n sin àwọn ọmọdé sí ṣì wà níbẹ̀, wọn kò ju ibùsùn ọmọ ìkókó lọ, òkúta la fi yí wọn ká.

Nítorí náà, ohun tó wà níwájú ìyá yìí ni pé bí ó bá sọ̀kalẹ̀, ó lè kú nítorí ẹni tí kò sí nílé. Bí ó bá dúró, yóò kú nítorí ibi tí ilé wà. Òkè ló kù.

Òkè náà kì í ṣe ibi tó rọrùn. Àwọn tó sá lọ síbẹ̀ ń gbé inú ihò ilẹ̀ tí iná abẹ́ ilẹ̀ ti gbẹ́ láyé àtijọ́, irú èyí tó pọ̀ ní Jeju. Ní Donggwang, nǹkan bí 120 ènìyàn, arúgbó àti ọmọdé, wọ inú ihò kan tí ń jẹ́ Keunneolpgwe, wọ́n sì lò tó oṣù méjì níbẹ̀. Wọn kò lè dá iná lọ́sàn-án nítorí èéfín. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Nínú ihò, kì í ṣe ìyá nìkan ló ń gbọ́ ẹkún náà, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ihò lóde lè gbọ́ ọ. Mo gbà pé ẹni tó bá ti tọ́mọ rí kò nílò kí n ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn ológun rí ihò náà, àwọn ará Donggwang sá jáde lọ sí ọ̀nà òkè Halla nínú òjò dídì. Òjò dídì kì í bo ọ̀nà ẹni tó ń sá. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ni ojú ọ̀nà rẹ̀ ti hàn. Wọ́n mú ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì pa àwọn kan lẹ́bàá omi Jeongbang tó ń já láti orí àpáta sínú òkun ní Seogwipo. Àwọn ẹbí tí kò rí òkú wọn gbé ṣe sàréè òfìfo fún wọn.

Orí ìtàn ihò yìí ni fíìmù Jiseul dúró lé, èyí tí O Muel, ọmọ bíbí Jeju, ṣe ní 2012, tó sì gba ẹ̀bùn ní àjọ̀dún fíìmù Sundance ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ìyá àgbà kan wà nínú rẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lè sá. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ padà wá wò ó, wọ́n ti pa á, ọ̀dùnkún tó fi sílẹ̀ sì ni ọmọ náà kó lọ bọ́ àwọn tó wà nínú ihò, láìsọ ibi tó ti rí i. Jiseul ni wọ́n ń pe ọ̀dùnkún ní èdè Jeju.

Ní ihò mìíràn, Darangshi, èéfín ni wọ́n fi pa àwọn tó wà nínú rẹ̀, ní ọjọ́ 18, oṣù kejìlá, ọdún 1948. Ènìyàn 11 ni, ọmọdé kan wà nínú wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di mímọ̀ ní 1992, ìkòkò àti àwo wọn ṣì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀.

Ní ìparí oṣù kejìlá náà, ẹ̀ka ọmọ ogun kejì wá gba ipò ẹ̀ka kẹsàn-án ní Jeju. Àwọn ọmọ ogun tuntun yìí ló ń tú igbó àti òkè agbègbè Bonggae wò ní ọjọ́ 6, oṣù kìn-ín-ní, tí ìyá náà fi gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, tó sì gbé ọmọ rẹ̀ sá. Obìnrin Kòríà máa ń pọn ọmọ, bíi ti obìnrin ilé wa, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti fi ọ̀já pọn ọmọ gun òkè rí mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lè yá tó. Ó sì yẹ kó tún fi òjò dídì kún un, èyí tí ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀. Ibi tí kò jìnnà rárá sí ibi tí ìgbésí ayé rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ ni ó kú sí. Mo ronú lórí èyí púpọ̀: kò sá lọ sí ilẹ̀ àjèjì, àwọn òkè tó ń wò láti ẹnu ọ̀nà ilé ló sá lọ.

Lẹ́yìn tí pípa náà rọlẹ̀, wọ́n tún abúlé Bonggae tó ti jóná kọ́, àmọ́ wọ́n fún un ní orúkọ tuntun, Hammyeong. Inú orúkọ Ham Byeong-seon, ọ̀gá ẹ̀ka ọmọ ogun kejì, ni wọ́n ti mú apá kan orúkọ náà. Àwọn tó kù láàyè ń gbé inú abúlé tí à ń fi orúkọ ẹni tó darí àwọn tó lé wọn pè, kí ó tó wá padà di Bonggae. Nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló dùn mí jù lẹ́yìn ikú ọmọ náà.

Kì í ṣe gbogbo ìyá ló kú. Ilé ẹjọ́ ológun ọdún 1948 àti 1949 dá ènìyàn 2,530 lẹ́bi, nínú ìgbẹ́jọ́ tí kò ní ẹ̀rí, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn títí tí wọ́n fi dé ẹ̀wọ̀n. Jeju kò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà náà, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wọn lọ sí orí ilẹ̀, àwọn obìnrin sì wà tó gbé ọmọ ọmú wọ ọkọ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọmọkùnrin oṣù 10. Ebi pa á, ó kú lójú omi. Ìyá náà wà láàyè títí ó fi darúgbó, ó sì wà lára àwọn arúgbó 18 tó lọ sí ilé ẹjọ́ ní 2017, tí wọ́n ní kí wọ́n tún ẹjọ́ àwọn ṣe. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2019, ilé ẹjọ́ Jeju sọ pé ẹ̀sùn ọjọ́ náà kò bá òfin mu láti ìbẹ̀rẹ̀. Àádọ́rin ọdún ni ó ti gbé ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn sínú.

Àwọn tó yè kò lè sọ̀rọ̀. Ọdún 1954, ní oṣù kẹsàn-án, ni wọ́n tó ṣí òkè Halla fún ará ìlú, àmọ́ kódà lẹ́yìn náà, ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ bá ti wà nínú ìwé àwọn tí wọ́n pa kì í rí iṣẹ́ ìjọba ṣe, ọmọ rẹ̀ kì í sì í wọ ilé ẹ̀kọ́ ológun. Ní 1978, òǹkọ̀wé Hyun Ki-young, ọmọ Jeju, kọ ìtàn obìnrin kan tó yè ní Bukchon. Wọ́n mú un, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyá kò sọ fún ọmọ wọn pé ó ní ẹ̀gbọ́n rí. Òfin tó pàṣẹ ìwádìí kò jáde títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2000. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 2003, Ààrẹ Roh Moo-hyun dúró níwájú àwọn ará Jeju, ó sì tọrọ àforíjì nítorí agbára ìjọba tí wọ́n lò ní àìtọ́. Ilé ìrántí inú Ọgbà Àlàáfíà ṣí ní 2008, àwọn àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ náà sì wọ ìwé Ìrántí Àgbáyé (Memory of the World) ti UNESCO ní oṣù kẹrin ọdún 2025.

Ó ku ohun kan nípa ọmọ náà. Ní Kòríà ìgbà náà, ọjọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ ni wọ́n ti ń ka ọdún kan fún un, wọ́n a sì fi ọdún kan kún un bí ọdún tuntun bá ti wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé báyìí ni wọ́n ṣe ka ọdún rẹ̀ tó fi jẹ́ 2, a jẹ́ pé inú ọdún 1948 ni wọ́n bí i, ó sì lè má tíì pé ọdún kan lókè eèpẹ̀. Ó lè má mọ ọ̀rọ̀ kankan ju ohùn ìyá rẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ dé ibi tí ère náà wà yóò gba ọ̀nà kan tí ògiri òkúta yí ká bí ìkarahun ìgbín. Wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ orin ìrẹmọlẹ́kún Jeju sára ògiri náà, Wongi jarang, èyí tí àwọn ìyá fi máa ń mi agbọ̀n tí wọ́n tẹ́ ọmọ sí títí oorun yóò fi gbé e lọ. Ẹsẹ̀ orin kan ń tẹ̀ lé èkejì lára òkúta, bí ènìyàn ti ń rìn lọ, títí ọ̀nà fi yí dé ibi tí ìyá náà kúnlẹ̀ sí.